Ìwé Ọbẹ̀ Ló Sọ Wá Di Onídán Tuntun

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ràbíátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ìkàrẹ́ tí ẹ bèèrè Ràbíátù, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn. Ẹ bèèrè Ìyá Onídán. Ọmọdé tó bá gbọ́ á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi, á sì dúró síbẹ̀, á máa wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kí yín, bóyá nǹkan máa jáde níbẹ̀.

Idán ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Kì í ṣe idán inú gbọ̀ngàn tí èèyàn ti sanwó wọlé, tí kò sì lè dìde mọ́. Ojú títì ni tèmi: ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, àárín ọjà, abẹ́ igi, ibi tí èèyàn ti lè yí ẹ̀yìn padà sí ọ nígbàkígbà tí ohun tí ò ń ṣe kò bá dùn mọ́ ọn. Ìkàrẹ́, Ọ̀kà, Ṣúpárè, Òkè-Àgbè, Sósàn, mi ò rò pé ibì kan wà tí èrò ń pé sí ní Àkókó tí ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ rí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, orúnkún ń ro mí bí òjò bá ṣú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àtẹ́lẹwọ́ mi ń yún mi!

Bí mo ṣe bọ́ sínú iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà, èyí tí a ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, kò sí agbára láti tẹ̀ síwájú. Ọ̀gá Gàníyù, onídán kan tó jẹ́ ẹbí ìyá mi, ń wá ẹni tí yóò máa bá a ṣeré, ni wọ́n bá fà mí lé e lọ́wọ́. Ti owó tó ń fún mi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Mo jẹun, mo wọṣọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ọ̀ràn wà. Àlùfáà ni bàbá mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Gàníyù, kò tilẹ̀ ní kó jókòó.

Ó ní, "Gàníyù, wọ́n ní o fẹ́ kọ́ ọmọ mi ní sihiri."

Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀. "Àlùfáà, ọwọ́ ni o. Ọwọ́ àti ojú. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí àlùjànnú níbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ó dáa. Fi hàn mí bí o ṣe ń ṣe é, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

"Ìyẹn nìkan ni mi ò lè ṣe, Àlùfáà. Ọjọ́ tí onídán bá fi ìdí idán hàn ni iṣẹ́ rẹ̀ tán."

Bàbá mi wò ó títí, ó tún wo èmi náà. "Máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá rí tírà kan ṣoṣo nínú ẹrù rẹ, ọmọ mi ti padà sílé nìyẹn."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi rò pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Ọ̀gá máa kọ́ mi bí ẹyin ṣe ń jáde létí èèyàn. Ṣùgbọ́n òkúta róbótó kan ló he nílẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Fi sí àtẹ́lẹwọ́, má di ọwọ́. Kí ọwọ́ rẹ rí bí ọwọ́ ẹni tí kò mú nǹkan kan dání. Bí o bá ń gbálẹ̀, kó wà níbẹ̀. Bí o bá ń pọnmi, kó wà níbẹ̀. Bí o bá ń kí àgbà, kó wà níbẹ̀."

"Títí dìgbà wo, Ọ̀gá?"

"Títí dìgbà tí mi ò bá rí i mọ́."

Há! Ojú Ọ̀gá Gàníyù! Ojú àṣá ni. Mo lè máa bu omi nínú ìkòkò, ohùn rẹ̀ á ti ẹ̀yìn mi wá: "Mo rí i." Mo lè máa já ewébẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé: "Ràbí, mo rí i." Wọ́n ń kó ọmọ jáde nílé kan lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀ láti kí ìyá ọmọ, èmi pẹ̀lú òkúta mi. Ọ̀gá na ọrùn kọjá orí àwọn èèyàn, ó bojú wo ibi tí mo wà, ó ní, "Mo rí i!" Ìyá ọmọ dìde fìrì. "Kí lẹ rí, Bàbá? Kí lẹ rí lára ọmọ mi?" Ó gba àlàyé kí ọkàn obìnrin náà tó balẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ṣe títí, ọjọ́ kan dé tó pè mí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní, "Òkúta dà? O ti sọ ọ́ nù, àbí?"

Mo ní, "Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀, Ọ̀gá," mo sì fi hàn án.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò. Mo retí kó yìn mí. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. "Ó dáa. Gbé e sí ọwọ́ òsì."

Irú ọ̀gá tó jẹ́ nìyẹn. Ó le bí ojú ẹja, ṣùgbọ́n kò nà mí rí. Òfin rẹ̀ ló fi ń nani. Onídán kò gbọdọ̀ fi ẹni tó jáde wá bá a ṣeré ṣẹlẹ́yà. Onídán kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín idán ara rẹ̀. Èyí tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹnu onídán, kòtò ni, ohun tó bá bọ́ síbẹ̀ kì í jáde mọ́.

Nígbà tó mú mi jáde níkẹyìn, ẹ̀yin ọmọ, ayé dùn! Ọ̀gá á na tábìlì pákó rẹ̀ sílẹ̀, á fi aṣọ pupa bò ó. Èmi á lu agogo kékeré kan, màá pe èrò. Ọ̀gá á mú okùn, á gé e sí méjì, okùn á tún so pọ̀. Á mú ẹyin létí awakọ̀. Èyí tí gbogbo ayé ń dúró dè ni ti adìyẹ. Á gbé adìyẹ funfun sínú apẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì, á fi aṣọ bo apẹ̀rẹ̀, á pe orúkọ adìyẹ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á ṣí aṣọ kúrò. Kò sí adìyẹ! Àwọn obìnrin á di orí mú. Àwọn ọkùnrin á máa ta ara wọn nígbọ̀nwọ́. Tí mo bá gbọ́ ariwo yẹn, ṣe ni irun orí mi máa ń dìde.

Idán adìyẹ yìí ló fẹ́ pa wá.

Ọjọ́ ọjà ni, ní Ọ̀kà. Oòrùn mú, èrò pọ̀ bí èèrà. Adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pòórá tán ni, ariwo ń lọ lọ́wọ́, ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó yàtọ̀ láàárín ariwo náà.

"Yétúndé! Ẹ bá mi wo Yétúndé o! Ọmọ mi dà?"

Obìnrin tó ń ta gààrí nítòsí wa ni. Ọmọ rẹ̀ kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri, ti dúró ti tábìlì wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n wo abẹ́ ìsọ̀, wọn ò rí i. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ yí ọjà ká, kò jẹ́. Ariwo ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ọkùnrin kan ló sọ ọ̀rọ̀ tó dá wàhálà sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó lè gbé adìyẹ lọ síbi tí a ò mọ̀, kí ni ọmọ kékeré máa jẹ́ fún un?"

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò mọ ibi tí ọwọ́ ti yọ. Wọ́n ti gbá Ọ̀gá lọ́rùn aṣọ mú. Fìlà rẹ̀ bọ́. Òkúta kan fò kọjá létí mi. Ẹnìkan ń pariwo pé kí wọ́n lọ mú kẹrosíìnì wá.

Ọ̀gá ń wí pé, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọmọ yín o! Ẹ gbọ́ mi!"

"Adìyẹ ńkọ́? Adìyẹ tí o gbé pòórá, níbo ló wà?"

Ọ̀gá panu mọ́.

Ó panu mọ́, ẹ gbọ́! Wọ́n fún un lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nímú rẹ̀, ó wo ọ̀kánkán ibi tí mo wà, ó rọra mi orí. Mo mọ ohun tó ń sọ. Ó ń sọ pé kí n má sọ̀rọ̀.

Mo gun orí bẹ́ǹṣì oní-gààrí. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ lára. Mo ní, "Mo mọ ibi tí adìyẹ wà! Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín! Ẹ pa á lẹ́yìn náà tó bá jẹ́ irọ́!"

Wọ́n yíjú sí mi. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo fa aṣọ pupa kúrò lórí tábìlì, mo dojú tábìlì bolẹ̀. Àpò aṣọ dúdú kan ló wà lábẹ́ pákó, ihò sì wà lójú pákó tí ìdí apẹ̀rẹ̀ máa ń ṣí sí. Mo tú ẹnu àpò náà. Adìyẹ funfun jáde, ó gbọn ìyẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo Ọ̀kà ló mọ̀.

Mo pe ìyá àgbà kan, mo ní, "Màmá, ẹ ti ọwọ́ bọ inú àpò yìí. Ṣé ọmọ èèyàn lè wọ ibẹ̀?"

Ìyá náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Adìyẹ gan-an ló há mọ́."

Mi ò dúró. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dákẹ́, ìbínú wọn á tún ru. Mo mú okùn, mo fi èkejì tó wà nínú ọwọ́ hàn wọ́n. Mo mú ẹyin, mo fi bó ṣe ń sá sẹ́yìn ìka hàn wọ́n. Mo tú gbogbo iṣẹ́ ayé Ọ̀gá Gàníyù sílẹ̀ lójú ọjà bí ẹni ń sá àgbàdo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ̀rọ̀, mo ń làágùn. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ àwọn tó mú un ń dẹ̀. Àwọn kan ti sún mọ́ mi láti wò ó dáadáa.

Ibẹ̀ la wà tí awakọ̀ ọkọ̀ oníṣu kan fi dé pẹ̀lú ọmọ léjìká. Yétúndé ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó ti sùn lọ fọnfọn láàárín àwọn àpò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé awakọ̀ náà wo ẹ̀yìn kó tó ṣíná ọkọ̀.

Ìyá Yétúndé gba ọmọ rẹ̀, ó wólẹ̀ síwájú Ọ̀gá. Bàbá kan gbé fìlà Ọ̀gá wá, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kó tó fún un. Ẹni tó ń pè fún kẹrosíìnì, a ò mọ ibi tó gbà.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Ìkàrẹ́, Ọ̀gá ń nu ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó wá ní, "Ràbí, o ti pa iṣẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀yin ò kú, Ọ̀gá."

Ó fa fìlà rẹ̀ bojú. Títí dòní, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ìròyìn yára ju ẹṣin lọ. Bí a bá na tábìlì ní Ṣúpárè, àwọn ọmọdé á máa kígbe pé, "Ẹ wo abẹ́ ẹ̀! Ó wà nínú àpò!" Ní Òkè-Àgbè, ṣe ni ọkùnrin kan tẹ̀ síwájú, tó gba okùn lọ́wọ́ Ọ̀gá, tó sì ṣe idán náà fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ká aṣọ pupa, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Ó ní òun máa padà sóko iṣu ní Ṣúpárè, kí èmi náà lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Kì í dùn mọ́ ẹnikẹ́ni láti rí ọ̀gá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń mú ẹyin létí èèyàn tẹ́lẹ̀, tó wá ń jókòó sẹ́yìnkùlé, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Òjò ló tún ayé wa ṣe. Ó bá mi lójú ọ̀nà ọjà Ìkàrẹ́, mo sá wọ abẹ́ tapólì bàbá kan tó ń ta ìwé àlòkù. Bàbá Oníwèé la máa ń pè é. Ó tẹ́ ìwé rẹpẹtẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn kan kò léèpo mọ́. Bí mo ṣe ń dúró kí òjò dá, mo mú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìwé ọbẹ̀ ni, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Mo kan ibi tí wọ́n ti ń kìlọ̀ nípa isápá pupa, èyí tí a fi ń ṣe sóbò. Wọ́n ní kí ẹni tó ń sè é má jẹ́ kí káún kàn án o, torí àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, kò ní wu èèyàn mu mọ́.

Àwọ̀ rẹ̀ á yí padà! Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Òjò kò tíì dá, mo bẹ́ sínú rẹ̀. Bàbá Oníwèé ń pariwo, "Ìwé mi ńkọ́?" Mo ní, "Mò ń bọ̀, Bàbá!" Mo ra isápá, mo ra káún, mo sáré délé. Mo sè é, mo jẹ́ kó tutù, ó pupa fòò. Mo po káún mọ́ omi, mo sẹ́ ẹ kó mọ́ lóló. Mo kán an sí i.

Omi pupa di omi àwọ̀ ewé lójú mi!

Mo jókòó lulẹ̀. Mo wá rántí ọsàn wẹ́wẹ́. Bí káún bá lè lé àwọ̀ náà lọ, ṣé kíkan kò ní pè é padà? Mo fún ọsàn sí i. Ó pupa padà! Mo pariwo débi pé aládùúgbò wọlé wá bèèrè bóyá ejò ni.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni mo ti bá Ọ̀gá, kò tíì lọ sóko. Mo gbé ife dígí síwájú rẹ̀. Mo kán an, ó di àwọ̀ ewé. Mo kán èkejì, ó pupa. Ọ̀gá Gàníyù, ẹni tí kì í fi nǹkan hàn lójú, yọ ojú síta.

"Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un ṣe. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ hunjọ. "Níbo lo ti rí ìwé idán?"

"Kì í ṣe ìwé idán, Ọ̀gá. Ìwé ọbẹ̀ ni."

Ó wò mí. Ó wo ife. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ìwé ọbẹ̀! Ràbí, padà lọ síbẹ̀. Wo ohun mìíràn tó ní."

Báyìí ni iṣẹ́ wa ṣe jí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀yin ọmọ! Ọ̀gá kò mọ̀wé, èmi ni mò ń ka tí òun ń gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ á máa yí ẹyin bí mo ṣe ń kà. Bí mo bá ka gbólóhùn kan tó wọ̀ ọ́ létí, á ní, "Dúró. Báwo la ṣe máa lo ìyẹn?" Ìbéèrè yẹn ló fi kọ́ mi ju gbogbo òkúta lọ.

Mo rí ìwé kan tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú. Ó sọ pé ibì kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ríran rárá, pé ọpọlọ ló ń bá wa dí àlàfo náà. Ó tún sọ pé ojú a máa sáré tẹ̀lé ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mira. Ọ̀gá fò dìde. "Mo ti ń ṣe é láti kékeré! Mi ò mọ ìdí rẹ̀!" Láti ọjọ́ náà, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju aṣọ sókè kí ọwọ́ òsì tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé aránṣọ kọ́ wa ní àpò tí ìránṣọ rẹ̀ kì í hàn. Ìwé kan tí wọ́n kọ fún àwọn oníwàásù kọ́ mi pé ìdákẹ́jẹ́ máa ń pe èrò ju ariwo lọ, pé kí n sì fi ohun tí wọ́n mọ̀ nílùú wọn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ mọ Àkókó wa. Yorùbá tí a ń sọ ní Ìkàrẹ́ kọ́ ni ti Ọ̀kà, ní ti Òkè-Àgbè, èdè tiwọn ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Àwàdà tó pa Ìkàrẹ́ lẹ́rìn-ín lè jẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ère níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìkíni ìlú kọ̀ọ̀kan kí n tó lu agogo.

Ṣùgbọ́n ìwé tó yí mi padà jù ni èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé kí tíṣà má ṣe gbogbo nǹkan fún ọmọ. Kó jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Mo kà á fún Ọ̀gá.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwa là ń ṣe idán? Kí ló dé tí kì í ṣe àwọn?"

Ó ní, "Ọ̀kà la ti máa dán an wò."

Ọ̀kà! Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti wọ bàtà.

A dé ọjà náà, a na tábìlì sílẹ̀, mo lu agogo. Wọ́n wá, ṣùgbọ́n wọ́n dúró jìnnà, ojú ń ti àwọn kan, àwọn kan ń wo abẹ́ tábìlì. Tábìlì náà kò láṣọ rárá, abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ọ̀gá lọ sí ìsọ̀ gààrí, ó kí Ìyá Yétúndé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kó wá ran òun lọ́wọ́. Obìnrin náà kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ó ń nu ọwọ́ sí ìró. Ó wá tẹ̀ lé e. Mo gbé ife dígí tí omi isápá wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo fún un ní ìgò kékeré méjì, ọ̀kan omi káún, èkejì omi ọsàn.

Ọ̀gá ní, "Lónìí, èmi ò ṣe nǹkan kan. Ìyá Yétúndé ni onídán. Kí lẹ fẹ́ kí omi yìí dà, Màmá?"

"Ṣé èmi?" Ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ó wo omi pupa náà. Ó fi ẹ̀rín sọ pé, "Kó dà bí ewé."

"Ẹ sọ fún un."

Ó fi èdè Ọ̀kà sọ fún omi, ó mú ìgò àkọ́kọ́. Ó kán an sí i. Àwọ̀ ewé!

Ẹ̀yin ọmọ, ariwo tó sọ lọ́jọ́ yẹn, òkè Ọ̀kà gbà á, ó dá a padà! Ìyá Yétúndé fẹ́ ju ife sílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹ pè é padà!" Ó kán ìgò kejì, omi pupa padà. Obìnrin náà ń jó, ife lọ́wọ́, Yétúndé di mọ́ ọn nítan. Wọ́n ń pè é ní onídán, onídán! Gbogbo àwọn tó dúró jìnnà ti sún mọ́ wa débi pé a ò rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí. Kí a tó lọ, Ọ̀gá Gàníyù, ọkùnrin tó fẹ́ kú nítorí àṣírí adìyẹ, sọ fún gbogbo ọjà pé isápá ni, káún ni, ọsàn wẹ́wẹ́ ni, kí wọ́n lọ ṣe é fún àwọn ọmọ wọn.

Ó di àṣà wa. Níbikíbi tí a bá ti ṣeré, a ó fi ìdí ohun kan hàn kí wọ́n mọ̀ pé kò sí oògùn níbẹ̀. Ìyókù, a ó gbé e lọ. Bàbá mi gbọ́, ó ní kí n wá fi hàn òun. Lọ́jọ́ kejì, mo kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọ kéú. Bàbá mi ló dúró láàárín wọn pẹ̀lú ife, ó ń kán ọsàn, ó sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ọdún ń lọ, irinṣẹ́ ń yí. Agogo mi di gbohùngbohùn alábátìrì. Sìgá tí a máa ń gbé pòórá, ìjọba àti àwọn dókítà ti jẹ́ kí ojú ti ẹni tó ń mú un dání, a yípadà sí pẹ́ńsùlù, lẹ́yìn náà a yípadà sí káàdì fóònù. Nígbà tí fóònù onífídíò dé, mo rò pé ó ti tán fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ á ká ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fi ibi tí ẹyin gbà hàn mí. Ọ̀gá ti darúgbó nígbà náà. Mo sunkún lọ bá a. Ó ní, "Ṣé fóònù lè ká ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn oní-gààrí tó mú ife dání?" Mo nu ojú mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá Gàníyù kú sórí ibùsùn rẹ̀, lọ́jọ́ ogbó. Ìwé nípa oyin ni mò ń kà fún un lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, bí àwọn oyin ṣe ń fi ijó sọ ibi tí òdòdó wà fún ara wọn. Ó gbé ìka kan sókè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ: "Dúró. Báwo la ṣe máa lo ìyẹn?" A kò rí ìdáhùn sí i. Mo ṣì ń wá a.

Mo ti jókòó sílé nígbà tí ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì Àkùngbá. Tèmítọ́pẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ṣe idán díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu géètì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n èrò kì í dúró. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé idán wo ni kí n kà?"

Mo ní, "Má ka ìkankan ná. Kí lò ń kọ́ nílé-ìwé?"

"Òfin ni, Màmá. Mo fẹ́ di lọ́yà. Kò bá idán tan."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi dìde, èmi tí orúnkún ń dùn. Mo ní, "Òfin kẹ̀! Jókòó! Báwo ni lọ́yà ṣe ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè tí ẹlẹ́rìí á fi sọ ohun tí kò fẹ́ sọ? Kí ló ń mú kí gbogbo kóòtù dákẹ́? Lọ ka ìwé rẹ, kí o máa bi ara rẹ pé báwo lo ṣe máa lò ó." Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó dúpẹ́, ó lọ, ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ó gbà mí gbọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo wọkọ̀ lọ sí Àkùngbá. Èrò ti yí i ká. Ó ti gbé fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó pe fóònù náà lẹ́jọ́ pé ó ń sá fún ẹni tó ni ín. Ó fi ìyá tó ń ta omi tútù ṣe adájọ́, ó fi ọlọ́kadà ṣe ẹlẹ́rìí. Ó di fóònù náà sínú àpò bébà lójú gbogbo wa, ó fún ẹlẹ́rìí mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú pé ó wà níbẹ̀? Ṣé o lè búra?" Ọlọ́kadà ń búra, èrò ń rẹ́rìn-ín, adájọ́ ń lu ìgò omi mọ́ tábìlì pé kí kóòtù dákẹ́. Gbogbo wa dákẹ́ lóòótọ́! Tèmítọ́pẹ́ ní kí ẹni tó ni fóònù pe nọ́ńbà ara rẹ̀.

Fóònù dún. Nínú àpò ẹ̀wù adájọ́ ni!

Gèlè mi ṣí. Mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo, tí mo di ọlọ́kadà mú, tí àwa méjèèjì ń fò. Mo wo ọwọ́ ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi Ràbíátù, mi ò rí nǹkan kan. Nígbà tí èrò túká, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ní, "Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi, níbo ni fóònù yẹn gbà?"

Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ojú rẹ̀ ń dán.

Ó ní, "Màmá, ẹ lọ ka ìwé òfin."